Ọdún Tí Látù Fi Èjìká Gbé Òrìṣà Midorigaoka

Oòrùn kò tíì yọ tí Látù ti dúró níwájú dígí pẹ̀lú ẹ̀wù ọdún lọ́rùn. Wọ́n ní ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù náà ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí àdúgbò ní, síbẹ̀ apá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá. Kí ló kàn án? Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó yí síwájú, ó yí sẹ́yìn, ó ń pariwo "Wasshoi! Wasshoi!", igbe àwọn tó ń gbé òrìṣà, nínú yàrá títí ẹni tó ń gbé lókè rẹ̀ fi ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ gbàgà gbàgà.

Ọmọ erékùṣù Tóńgà ni Látù, ó sì ti ń gbé Midorigaoka, àdúgbò kan ní Japan, láti ọdún méje sẹ́yìn. Iṣẹ́ kíkó ẹrù fún àwọn tó ń kó kúrò nílé ló ń ṣe. Òun nìkan a sì máa gbé fìríìjì gun àtẹ̀gùn. Ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtí tí wọ́n ń sun, ó mọ ọjọ́ ìgò, ó sì máa ń bá Ìyá Iwasaki tó múlé tì í gbá ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọdún òrìṣà bá dé nígbà ooru, tí àdúgbò bá gbé mikoshi léjìká, ìyẹn ilé kékeré orí ọ̀pá gígùn tí òrìṣà máa ń gùn jáde, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbé àga sí fún Látù. "Àlejò wa, jókòó. Mu omi tútù." Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún. Ta ló ń ṣe àlejò fún ọdún méje?

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ sí Tókíyò tán. Hamaguchi, olórí àwọn tó ń gbé mikoshi, bàbá kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta, ló wá kan ilẹ̀kùn Látù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọdún.

"Látù-san," ó fi "san" ọ̀wọ̀ tì í lórúkọ, "ṣé èjìká rẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Hamaguchi-san!"

"Mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ kó gbé."

"Ohunkóhun tí ẹ bá ní, mo ti gbà."

Bó ṣe di ará abẹ́ ọ̀pá nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, níwájú ojúbọ, wọ́n fi Látù sí àárín, lábẹ́ ọ̀pá ọ̀tún. Hamaguchi pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn ké, mikoshi gbéra. Ó mà wúwo o! Látù fi eyín keyín, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó rò pé bó ṣe ń wúwo fún gbogbo ayé nìyẹn. Kò mọ̀ pé nítorí gíga òun, ọ̀pá náà kò fara kan èjìká ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi dì í mú, bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú.

Wọn kò tíì kọjá ìsọ̀ ẹni tó ń ta tófù, ìyẹn wàrà sóyà, tí mikoshi fi ń dà lọ sápá òsì.

"Ẹ sọ̀ ọ́! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Hamaguchi nu ojú, ó wo Látù lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí, ìwọ wá fẹ́ fi èjìká kan gbé òrìṣà! Àwa kàn ń bá ọ rìn kiri ni."

"Abájọ!" ni Ìyá Iwasaki, tí òun náà wà lábẹ́ ọ̀pá, wí lẹ́yìn. "Mo rò pé òrìṣà ló rù hangogo lọ́dún yìí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Látù náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò tẹ orúnkún. Wọ́n tún gbé e. Látù ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àpótí, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó lójú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn ṣubú. Wọ́n tún sọ̀ ọ́.

Nagai, igbákejì Hamaguchi, fọwọ́ tọ́ Látù léjìká. "Kò burú. Lọ sinmi lábẹ́ àgọ́. A kì í fìyà jẹ àlejò wa."

Ọ̀rọ̀ náà gún Látù lọ́kàn. Inú bí i, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Nagai-san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní àlejò mọ́. Tí mo bá ga jù, ẹ sọ pé mo ga jù. Tí ẹ ò bá fẹ́ mi lábẹ́ ọ̀pá yìí, ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó sórí àga yẹn mọ́!"

Wọn kì í sọ̀rọ̀ báyẹn ní gbangba ní Midorigaoka. Nagai ń wo bàtà rẹ̀. Látù rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ó ti ń tú okùn ẹ̀wù ọdún.

Ìyá Iwasaki fa táwẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ká a, ó tún ká a, ó tẹ́ ẹ sórí èjìká kó lè ga, ó wá fi ara rẹ̀ wọn Látù. "Ó ku díẹ̀. Nagai-san, mú tìrẹ wá. Kí lò ń wo bàtà sí?"

Nagai mú un wá. Ẹni tó tẹ̀ lé e ká tirẹ̀, ìkejì ká tirẹ̀. Àwọn tí kò ní táwẹ́ẹ̀lì sáré lọ sábẹ́ àgọ́ lọ kó tìmùtìmù ìjókòó. Hamaguchi tó kúrú jù to méjì léra, ó fi okùn dè é mọ́ èjìká, ó wá dà bí abuké. Ẹ̀rín ta.

"Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ni òrìṣà máa já lé! Látù-san, má tẹ orúnkún mọ́. Nàró!"

Látù nàró. Mikoshi gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, kò dà sọ́tùn-ún, kò dà sósì. "Wasshoi! Wasshoi!" Wọ́n kọjá ìsọ̀ tófù, wọ́n já sí títì, àwọn ènìyàn ń da omi lù wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ara wọn lè tutù.

"Látù-san!" Hamaguchi ń pariwo lábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀. "Ṣé ó wúwo?"

"Kò wúwo bíi ti àkọ́kọ́!"

"Àwa náà la jọ ń gbé e, ọ̀dẹ̀!"

Látù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ké "Wasshoi" tó ju ti gbogbo wọn lọ.