Ìka Mẹ́ta Bàbá Ovide

Ìka mẹ́ta ló kù ní ọwọ́ òsì Bàbá Ovide, aládùúgbò wa. Bí èèyàn bá bi í, èsì kan náà ni: "Mo ti ọwọ́ bọ ibi tí ọwọ́ kì í dé." Á rẹ́rìn-ín, á sì máa hun àwọ̀n edé rẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni n kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ará òkè tí kò mọ omi. Bí mo bá pa ẹja àrọ̀ tán, màá da orí àti ìfun rẹ̀ sódò láti orí afárá pákó ẹ̀yìnkùlé wa. Màá gbá korobá mọ́ pákó, gbà, gbà, gbà, kó lè dà tán. Kò pẹ́ tí ọ̀nì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá jẹ ẹ́. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Gaston.

"Ìyàwó," ni Bàbá Ovide wí, "gbé korobá yẹn wá sí ọgbà mi, ká rì í sídìí tòmátì. Ọ̀nì tó bá ń sá fún èèyàn nìkan la lè bá gbé."

"Ẹ̀yin náà, bàbá! Ó ti mọ̀ mí."

"Ta ló mọ̀ ọ́? Oúnjẹ ló mọ̀."

Mo rò pé torí tòmátì rẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Olórí kunkun ni mí.

Nígbà tó yá, pákó kan jẹrà lórí afárá wa. Ọkọ mi wà lójú òkun. Bàbá Ovide ò dúró kí n bẹ òun, ó mú òòlù, ó kúnlẹ̀ létí omi, ó ń kan ìṣó: gbà, gbà, gbà. Mo ń fọ abọ́ lójú fèrèsé. Mo mọ ẹni tí ìró yẹn ń pè, àmọ́ kí n tó pariwo, Gaston ti yọ, ó ti gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì Bàbá Ovide.

Aṣọ ìdáná mi ni mo fi di ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fà á, bàbá!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́. O ò tí ì pé ọdún kan láàárín wa. Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kó o gbádùn."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin àdúgbò wá pa Gaston, torí ọ̀nì tí kì í sá fún èèyàn mọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀. Èmi náà ni mo fa ikú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì kọjá. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ovide pé ọgọ́rin ọdún, a se ọbẹ̀ ilá àti edé, ilé kún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bi í léèrè ọwọ́ yẹn. Kó tó la ẹnu, mo dìde.

"Èmi ni mo bọ́ ọ̀nì náà."

Bàbá wò mí. "Ṣé bí mo ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí tó nìyẹn, o wá tú u síta? Jókòó jàre, ọbẹ̀ ń tutù."

Ẹ̀rín sọ. Ẹkún lèmi ń sun, ẹkún ọpẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé korobá ìfun ẹja mi lọ sí ọgbà rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún tí ọ̀nì ti bù ú jẹ. Ó já tòmátì kan, ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.