Bàbá Nọ́ńbà Méje

Ní gbogbo sáà yẹn, èmi nìkan ni mo máa ń dúró lẹ́yìn góòlù ní pápá kíláàbù bọ́ọ̀lù kékeré kan ní Thamesmead nílùú òyìnbó, tí mo ń kọ ìṣẹ́jú tí góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé sínú ìwé. Ìyá òyìnbó tó ń ta tíì gbà pé ọmọ mi ni agbábọ́ọ̀lù tó ń wọ nọ́ńbà méje, torí orúkọ Yorùbá ni àwa méjèèjì ń jẹ́. N kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kó tó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, nọ́ńbà méje lọ sí kíláàbù mìíràn.

"Ọmọ rẹ ti lọ!" ni ìyá onítíì náà wí. "Kí lo tún wá wò?"

"Ó ní kí n máa bá òun wò wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu tíì fún mi. "Bá mi kí i o."

Mo ní yóò gbọ́. N kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rí.