Bí Bàbá Mi Ṣe Di Olùdarí Eré Aláìsọ̀rọ̀

Nígbà tí ara bàbá mi ṣì le, ẹnu wọn kì í dákẹ́. Káfíńtà ni wọ́n. Ṣakí ni wọ́n ti wá sí Kétu kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsí. Ẹni tó bá wá béèrè bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ lè jókòó fún wákàtí kan gbáko, kó gbàgbé pé bẹ́ẹ̀dì ló wá rà. Bàbá mi ń fá pákó, wọ́n ń dápàárá. Mo ti rí i tí àwọn tó wá ṣe pósí fún òkú wọn rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n sì tún ń dúpẹ́ pé àwọn rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́, kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀mí wọn kò bọ́, a dúpẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì padà ń gbéra díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. "Hẹ̀n" nìkan ló kù. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, wọn kò kàn rí èsì mú jáde.

Àwọn ènìyàn wá kí wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn bí ẹni pé etí wọn náà ti di. "Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé wọ́n ń mọ ènìyàn?" Ìyá mi ni wọ́n ń bi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí àlejò bá ti wọlé, bàbá mi á yí ojú sí ògiri.

Aunty tó ń bá wọn ṣe eré ìmárale ní ọsibítù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ò tíì tán nínú Daddy o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan tí wọ́n á fẹ́ sọ. Ẹ wá nǹkan tó máa jẹ́ kí inú wọn dùn."

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe. Mo ń ya ìgbéyàwó, mo ń ya ìsìnkú, mo sì ní yàrá kékeré kan ní Kétu tí mo ti ń tò wọ́n pọ̀. Mo rò pé èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo gbé eré apanilẹ́rìn-ín oríṣiríṣi wá sórí fóònù, irú èyí tí gbogbo àdúgbò ń wò. Bàbá mi á wò ó díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo eré yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn mìíràn wá ń ná an ní ìnákúnàá lójú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń sùn ní yàrá kejì, mo sì ń wá ohun tí kò ní pariwo. Bí mo ṣe rí fíìmù àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà nìyẹn, dúdú àti funfun, ti ìgbà tí sinimá kò tíì ní ohùn. Ọkùnrin kan fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan. Ó wọn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọn ilẹ̀kùn, kò gbà. Ó ronú títí, ó wá fi téèpù wọn ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Nígbẹ̀yìn, ó fi ayùn gé férémù ilẹ̀kùn, ó gé ògiri, ó gé òpó, títí ilé fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ara bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omi ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé àìsàn náà ti padà dé, mo pariwo, ìyá mi sáré jáde.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo tún ojú wọn wò dáadáa. "Mummy, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wo fíìmù yẹn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá iṣẹ́ ọkùnrin tó darí rẹ̀ kiri. Ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ fún káfíńtà.

Pákó ni òun náà ń rù. Ó wá iṣẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ya sinimá, wọ́n ní kó máa kan ilé onípákó tí àwọn òṣèré máa dúró níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń darí eré kò wá, oòrùn sì ń lọ. Wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ pé ta ló mọ ohun tó kù láti yà. Òun ló na ọwọ́. Bó ṣe di olùdarí nìyẹn. Ó ya eré kékeré lórí eré kékeré, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má ṣe nǹkan tuntun. Àwọn ènìyàn ń tò láti wò wọ́n. Nígbà tó yá, ohùn wọ inú fíìmù, gbogbo ayé wá ń fẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní tirẹ̀ ti di ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó pè é mọ́, ló bá tún padà sídìí ìṣó àti òòlù, ó ń kan ilé fún àwọn tó ń darí eré tiwọn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn náà, bàbá mi kò mira mọ́. Wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn lórí itan.

Mo ní, "Daddy, kò parí síbẹ̀ o." Mo wá sọ ìyókù fún wọn: pé ó ti darúgbó nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rí àwọn fíìmù rẹ̀ níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí, tí eruku ti bò wọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n gbé fíìmù rẹ̀ sójú ògiri, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó ní ibì kan wà tó gùn jù, òun ìbá ti gé e.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, "Hẹ̀n! Hẹ̀n!" Wọ́n na ọwọ́ òsì sí bírò mi.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni wọ́n ya nǹkan sí, ó wọ́, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ru pákó gígùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe, títí ó fi yé mi. Ọkùnrin náà ra pákó ní Kétu, ó fẹ́ gbé e lọ sí Àgbóyì, lódìkejì omi. Ìyọnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ọmọlúàbí ni. Kò lè rí àgbàlagbà kó má dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì tẹrí ba, pákó tó wà léjìká rẹ̀ á yí, á gbá nǹkan.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a nílò níbẹ̀. Ara ni a fi ń kíni.

Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé wa ló gbà láti ru pákó náà. Ó ga, ó tín-ín-rín, kò ṣeré rí láyé rẹ̀. Ní Àgbóyì, ìyá àgbàlagbà kan tó ni ọkọ̀ ojú omi ní àwọn máa fi í yá wa, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló máa jókòó sínú rẹ̀. "Èmi ló máa dọ̀bálẹ̀ fún," ni wọ́n wí. "N kì í fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún ẹni tí ò mọ omi." A gbé àga fún bàbá mi sétí odò, mo gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́, kò pani lẹ́rìn-ín. Onífíríìjì dúró nínú ọkọ̀, ó tẹrí ba, pákó gbá agbọ̀n tí ìyá gbé sétí ọkọ̀, agbọ̀n ṣubú, ó tán. Bàbá mi fi ọ̀pá lu ilẹ̀: rárá. A tún un ṣe. Rárá. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, oòrùn ti ń mú mi, sùúrù mi ti ń tán.

"Daddy, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ó ti ṣubú, àbí?"

Wọ́n wò mí. Òógùn bo iwájú orí wọn. Ètè wọn ń ṣiṣẹ́, ọrùn wọn le, ọwọ́ òsì wọn dì mọ́ ọ̀pá. Onífíríìjì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba lọ́hùn-ún.

"Dú... Dú... Dúró!"

Gbogbo wa dúró. Onífíríìjì dúró ní ìlàjì ìdọ̀bálẹ̀, ìdí lókè, pákó léjìká. Ìyá dúró tàwọn ti ọwọ́ tí wọ́n fi ń dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó mira. Pákó nìkan ló ń lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ronú, ó yọ́ dé ara agbọ̀n, ó tì í, agbọ̀n náà tẹ̀, ó tún tẹ̀ sí i, ó wọ omi láì pariwo. Ìyá wo agbọ̀n. Onífíríìjì wo ìyá. Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì.

Ìyá rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ ń mì. Ibẹ̀ ni onífíríìjì ti ṣubú sínú odò, kò sì sí nínú ètò wa. Omi náà kò ju àyà rẹ̀ lọ. Ó yọrí, ó ń pariwo, "Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀! Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀gá sọ̀rọ̀!"

Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwòrán náà gbọ̀n, mi ò yọ ọ́ kúrò. Ìdúró yẹn ni eré náà. Ohun tí bàbá mi ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn: kí a fún ẹni tó ń wò láyè láti mọ ohun tó ń bọ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Aunty tó ń bá wọn ṣe eré ìmárale ní kí a wá gbé e han àwọn aláìsàn tó kù ní ọsibítù. Ọ̀sán ọjọ́ Wẹsidé ni. A fa kọ́tìnnì, a gbé àwòrán sára ògiri. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló wà níbẹ̀, àwọn kan lórí àga onítáyà, àwọn kan pẹ̀lú ọ̀pá bíi ti bàbá mi. Nígbà tí pákó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ, màmá kan tí ìlàjì ojú wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ fi ìlàjì tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹni iwájú wọn mú. Bàbá mi kò wo ògiri rárá. Ojú àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń jáde, wọ́n fi ìka méjì ṣe bíi sísọ́ọ̀sì níwájú mi: ìkíni kejì gùn jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gé e. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Eré kẹrin la wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi lè sọ ti tó ogójì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dá mi lójú pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń bá wa jà níbi iṣẹ́. "Tún un ṣe." "Yá." "Kò dáa." Tí àlejò bá dé, wọn kì í yí ojú sí ògiri mọ́, wọ́n á wò ó láti òkè dé ilẹ̀ bóyá ó lè ṣeré. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ òjò nínú eré tuntun yìí, òjò gidi. Mo ní òjò máa ba kámẹ́rà jẹ́.

"Ra... ọ̀rá," ni wọ́n wí, wọ́n sì bojú wo ojú ọ̀run.

Mo ti ra ọ̀rá tí mo máa fi bo kámẹ́rà. Lánàá, òjò ṣú lápá Máìlì Túélù, atẹ́gùn ń gbé ìdọ̀tí kiri, onífíríìjì sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú agboòrùn tó ti ya. Bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́. Wọ́n tọ́ka sí mi, wọ́n tọ́ka sí ìsàlẹ̀.

"Ó yá," ni wọ́n wí, ọ̀rọ̀ méjèèjì já gaara. Mo gbé kámẹ́rà, a sọ̀kalẹ̀.