Férémù Tó Ti Àpòmù Wá

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, tó kan bí ẹmu àná, ni mo fi ń rántí ilé olùkọ́ mi ní Àpòmù, níbi tí bàbá mi fi mí sí láti Ìkirè. Nínú pálọ̀ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà tó kà wà lára ògiri, nínú férémù onígíláàsì. Ara rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ka Gẹ̀ẹ́sì. Yóò gbé mi dúró sórí àpótí, yóò fi pàṣán tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Kà á, olórí kunkun ará Ìkirè! Ìwé yìí ló ń bọ́ gbogbo ilé yìí."

Kò parọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ló ń wá ẹni tó ka ìwé mẹ́fà kiri. Nígbà tí ìjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí yàrá ìkàwé pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ nílé kó tó gbà láti wá kọ́ni. Kò mọ̀ pé bó ti ń kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìwé rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Láìpẹ́, ìwé mẹ́fà kún ìgboro bí ewé kòkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn aláṣẹ wá pàṣẹ pé olùkọ́ tí kò bá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, kó máa lọ sílé, àfi ẹni tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, tí kọ́là ṣáàtì mi le gbagidi, wà nínú ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Ìkirè. A ní kí oníkálukú mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá. Olùkọ́ mi gun kẹ̀kẹ́ láti Àpòmù, ó gbé férémù náà wá lódindi, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé e kí gíláàsì má baà fọ́. Ó tú u sórí tábìlì.

"Bàbá," ni alága wa wí, "ẹ ò bá kúkú ru ògiri náà wá."

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ mi kò bínú. Èmi ló kọjú sí. "Ọmọ mi, kà á fún wọn."

Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ká ní mo lanu sọ pé ọkùnrin yìí ló kọ́ mi ní á-bí-dí, bóyá iṣẹ́ ì bá má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ba mí lẹ́rù. Mo ní, "Ẹ pe ẹni tó kàn."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo bá a ní Àpòmù tó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó ẹlòmíràn lórí ẹní. Ó béèrè àlàáfíà bàbá mi, ó ní kí n wọlé mu omi. Èéfín ti mú gbogbo ògiri pálọ̀ dú, àfi ojú ibi tí férémù wà tẹ́lẹ̀. Mo bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

"Bàbá ní kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́."

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó gba dìgírì méjì, tó ń fi ọ̀kadà gbérò ní Gbọ̀ngán, bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò gbé ìwé ẹ̀rí yín kọ́ sára ògiri?" Mo ní kò sí ìṣó. Ìṣó kún ilé. Ojú tí n ó fi máa wò ó ni n kò ní.