Irin Tí A Fi Dábùú Ọ̀nà Àdúgbò Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ibafo, ohun tí mo mọ̀ nípa iná kò ju ohun tí ìyá mi máa ń sọ lọ: "Ọmọ tó bá ń fi iná ṣeré, á tọ̀ sórí ẹní." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó dá mi lójú pé wọ́n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Bí wọ́n bá ká ìṣáná mọ́ mi lọ́wọ́, màá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀wà á máa hó lórí sítóòfù, itọ́ á sì máa dà lẹ́nu mi.

Ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, ẹgbẹ́ onílé ri òpó irin méjì mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn dábùú wọn lókè. Típà oníyanrìn ló ń ba ọ̀nà jẹ́, wọn ò fẹ́ kó wọlé mọ́. Mọ́tò kékeré lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ò lè kọjá àfi tí alága ẹgbẹ́ bá ṣí àgádágodo rẹ̀. Inú àwa ọmọdé dùn sí irin yẹn gan-an. Èmi àti Rìsí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń ṣe tẹ̀ń-tẹ́ń, a máa ń gun òpó rẹ̀, a ó sì so rọ̀ bí àdán, títí bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà á fi mú pàṣán lé wa wálé.

Ìyá Rìsí ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún púpọ̀ nínú wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹyin iná ta jáde nínú áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, ó bọ́ sáàárín aṣọ. Kò pẹ́ tí iná fi gun àjà. Àwọn ọkùnrin ń fa omi kànga, àwọn obìnrin ń da yanrìn. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Ibafo, kò sí panápaná nítòsí rárá, yanrìn àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pa iná. Lásìkò tiwa, panápaná ti wà. Àwọn náà ló máa ń yọ àwọn tí mọ́tò há mọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, nítorí inú ṣì ń bí mi: àwọn panápaná tètè dé. Omi kún inú ọkọ̀ wọn. A gbọ́ fèrè wọn, a ń hó ìhó ayọ̀. Ìdí irin ni ọkọ̀ náà dúró sí. Alága ti lọ kírun ní Mowe, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Wọ́n fa rọ́bà omi, kò gùn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rìsí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Bàbá mi gbé ayùn irin, ó ń rẹ́ àgádágodo, òógùn bò ó. Kó tó rẹ́ ẹ tán, òrùlé ti wó lé gbogbo máṣíìnì obìnrin náà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn àgbàlagbà wa ṣe? Òkò ni wọ́n sọ lu àwọn panápaná. Wọ́n ní wọ́n pẹ́ jù. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná náà, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, kàn ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, a ti dé tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ tì wá mọ́ta." Ìyá mi ló bu omi fún un láti fọ ojú. Nígbà tí alága dé, ó ní kádàrá ni, wọ́n sì bá a gbà á bẹ́ẹ̀. Àgádágodo tuntun ni wọ́n rà. Ìyá Rìsí kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Ìfọ̀ láìní máṣíìnì kankan. Mi ò fojú kan Rìsí mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà yẹn, irin kan ṣoṣo ló wà ní agbègbè wa. Lónìí, ní Mowe tí mo kọ́lé sí, àdúgbò wo ni kò ní tirẹ̀? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, a ò nílò ọ̀kadà láti pe panápaná mọ́, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n máa gbà wọlé? Nígbà tí àwọn onílé àdúgbò wa fẹ́ ri irin tiwa, mo dìde nípàdé, mo ní tí iná bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Alága wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fẹnu yín pè é. Iná ò ní jó wa lágbára Ọlọ́run."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, mo wá ní, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà? Àdúrà ìparí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.