Òkìtì Orí Agolo

Orúnkún ìyàwó mi wú ní ọjọ́ ọjà kan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n lọ bá òun ta gàrí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá àwọn ọmọ, Ìyá tó ń ti Ofè wá yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti jẹ́ oníbàárà mi. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó ní yunifásítì nígbà tí irun mi ṣì dúdú, ṣé gàrí ni yóò dà mí láàmú? Olùkọ́ ìṣirò wa a máa ya agolo sójú pátákó, a sì gbé òkìtì ṣóńṣó lé e lórí. Ó ní kí á wá ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí á pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ awọ ara wọn là ń wọ̀n, kí á má ka ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, nítorí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ débẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rí àká tó dé fìlà koríko, ọkàn mi a padà sí yàrá yẹn, sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí n kò mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà mọ́.

Nítorí náà mo mọ̀ pé òkìtì ṣóńṣó kì í gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta agolo tí ẹnu àti gíga wọn bá dọ́gba. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ ìyàwó mi, mo fi ìka wọn gíga òkìtì kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ojúsàájú.

Ìyá Ofè dé. Mo wọn tirẹ̀, mo fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbá èyí tó lé kúrò.

"Bàbá, kí lẹ gbá yẹn?"

"Ó lé díẹ̀ ni, Ìyá. Bákan náà ni fún gbogbo ènìyàn."

"Èmi àti ọmọbìnrin tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí? Èmi tí mo ń rajà níbí kí ẹ tó hu ewú! Ẹ máa fi ìka yín wọn ọ̀nà ilé lọ!"

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó kọrí sí ìsọ̀ kejì. Kí ni n ó wí nílé? Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ dákun, Ìyá, ẹ padà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ pé ó tó."

Ó padà, ó ṣu ẹnu jọ. Mo ń bù, òkìtì ń ga, títí gàrí fi ń ṣàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Kò lè ga jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Kíá, ó ti abọ́ rẹ̀ sábẹ́ agolo.

"Kò tíì tó, Ìyá?"

"Mo ti ní ó tó?"

Àwọn tó yí wa ká ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó ń bọ́ sínú abọ́ yẹn, olùkọ́ wa kò yà á sí pátákó rí. Nígbà tó yá, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó tó.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, èmi sì jókòó lẹ́yìn àpò. Ìyá Ofè dé, ó na ọrùn wo ẹ̀yìn.

"Bàbá ni kí wọ́n wá wọn tèmi."

Mo ti ń dìde nígbà tí ìyàwó mi fà mí láṣọ.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá àwọn ọmọ. Mo ṣì ní oníbàárà mìíràn tí yóò ra gàrí lónìí."