Ọ̀kẹ́tẹ́ Inú Ebè Ìyá Mi

Òórùn ata gbígbẹ tó ń jó lórí ẹ̀yinná ló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Mo da ata náà sínú ìkòkò àlòkù, mo gbé e sẹ́nu ihò ọ̀kẹ́tẹ́, mo wá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín wọlé. Èmi, odindi tíṣà tí gbogbo àdúgbò ń kí, ni mò ń húkọ́ tí omijé ń dà lójú mi. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti gba ẹnu ihò kejì jáde, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn oko, ọ̀rẹ́ mi. Ewùrà ìyá mi ló wà níbẹ̀. Oko bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé ọkọ, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn tún un gbìn. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bá fi sè kì í ṣàn nínú àwo. Mi ò rí irú ewùrà bẹ́ẹ̀ lọ́jà rí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín tán lọ́dún yẹn ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, oúnjẹ ò sì wù wọ́n mọ́. Bí mo bá gbé ṣíbí sún mọ́ ẹnu wọn, wọ́n á mójú kúrò, wọ́n á ní, "Ó dìgbà tí ewùrà mi bá ta." Bí ọkàn mi ṣe so mọ́ ewùrà nìyẹn.

Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mò ń tu koríko ìdí rẹ̀, inú mi ń dùn, láìmọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ti ṣófo. Ọjọ́ tí mo tú ebè àkọ́kọ́ wò, orí iṣu tí kò ju ìkúùkù lọ ni mo bá. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti jẹ ìyókù láti ìsàlẹ̀. Èkejì, bákan náà. Ìpayà mú mi. Ìgbà náà ni mo dáná ata. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, mo dẹ pàkúté, mo fi ẹyìn sí i. Ilẹ̀ mọ́, ẹyìn ti lọ, pàkúté ò mú nǹkan kan. Alájì tó ń ta aṣọ, tí ilé wọn kángun sí tiwa, yọjú lórí ògiri. "Tíṣà, ẹ̀bìtì tí ò peku, ṣebí ó yẹ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn!" Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ra oògùn eku, ọ̀kẹ́tẹ́ ò tiẹ̀ fẹnu kàn án. Alájì tún ní, "Ẹ kó àjẹkù yẹn kúrò nílẹ̀ o. Òórùn rẹ̀ ló ń pe wọ́n." Wo ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ àgbẹ̀! Ṣùgbọ́n ìdààmú ti bá mi débi pé kò sẹ́ni tí mi ò lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tú gbogbo ebè pátá. Kò sí odidi kan. Mo kó àjẹkù jọ sórí koríko gbígbẹ, mo da kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná. Ó dà bíi pé mo ti gbẹ̀san.

Mo wọlé, mo jókòó ti ìyá mi. "Màámi, ẹ má bínú. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti jẹ ewùrà yín tán."

Wọn ò sunkún. "Ọ̀kẹ́tẹ́ kì í jẹ orí iṣu," wọ́n ní, ohùn wọn ń wọ́. "Orí yẹn náà la ó gbìn. Wọ́n dà?"

Mo sáré padà, mo fọwọ́ lásán tú eérú gbígbóná. Gbogbo orí tí mo rí ti jiná dénú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké bí ọmọdé, mo sì mọ̀ pé Màámi ń gbọ́ mi nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu ẹ̀kọ, wọ́n sì lanu gbà á. Wọn ò mójú kúrò mọ́. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún láti oṣù mélòó kan wá nìyẹn, àmọ́ ẹ̀rù bà mí, torí mo rí i pé kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè mọ́.

Màámi ti lọ báyìí. Àwọn ará ilé ṣì máa ń sọ pé ọ̀kẹ́tẹ́ ló run ewùrà Màámi, mi ò sì já wọn nírọ́ rí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún: ọ̀kẹ́tẹ́ fi ohun tí a ó gbìn sílẹ̀ fún wa, èmi ni mo dáná sun ún.